Òun Ló Máa Wa Ọkọ̀

Aunty Martha, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá máṣínì yẹn dúró ná. Mo mọ̀ pé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin yín lẹ ń rán lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi kò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò yín fi ojú mi rí lánàá, bí n kò bá sọ ọ́ jáde lónìí, mi ò lè padà sídìí ọkọ̀. Inú ọkọ̀ tèmi! Inú ọkọ̀ tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, pákó lẹ́yìn pákó, tí mo ń bá a di agolo ọ̀dà mú láti ìgbà tí n kò tíì ga tó tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ yìí! Inú ọkọ̀ yẹn ni Bánjọ mú ọmọbìnrin mìíràn wọ̀, lójú mi kòrókòró, lójú bàbá mi, lójú gbogbo èrò tó wà ní jẹ́tì Agbóyì, ó wá nawọ́ sí mi bí ẹni ń nawọ́ sí ẹnjìnnì, ó ní, "Débọ́lá, Rùká nìyí, òun ló máa wa ọkọ̀."

Òun ló máa wa ọkọ̀! Ẹ gbọ́ ọ bí? Kò ní ìyàwó mi. Kò ní àfẹ́sọ́nà mi. Kò tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́ mi, bó bá ní ọ̀rẹ́ mi, n bá bínú díẹ̀, n bá gbé e mì. Òun ló máa wa ọkọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn ń júwe dérébà mọ́tò fún àlejò.

Rárá o, mi ò fẹ́ omi. Orí omi ni mo ti ń bọ̀, Aunty.

Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ni èmi àti àbúrò yín ti ń bọ̀, tí ẹ̀yin náà ń pè mí ní ìyàwó wa, tí ẹ wọn ara mi rán búláòsì Iléyá fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ yín. Bó bá ti ibi tó ti ń tún ẹnjìnnì ṣe dé, tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo ọkọ̀ ti so mọ́ èbúté, ta ló ń padà lọ gbé e? Ọjọ́ tí ibà gbé e dè, ta ló fi ọkọ̀ gbé àgbo sọdá? Ṣé awakọ̀ ni mo ń ṣe fún un láti ọjọ́ yìí, tí n kò mọ̀?

Ẹ ní Débọ́lá wo? Haba, Débọ́lá mélòó ló wà? Débọ́lá ti lẹ́sìn ni! Lẹ́sìn tí Bánjọ ń lọ ní Ìkòsí, lókè ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì yẹn, ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé. Láti Magodo ni wọ́n ti ń fi mọ́tò gbé ọmọ náà wá, mọ́tò tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Òun ti yege tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, A1 ló gbà nínú ìṣirò, yunifásítì ló ń dúró dè, ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé bá ní kó máa ran àwọn tí orí wọn le lọ́wọ́. Nínú gbogbo orí líle tó wà láti Kétu títí dé Mile 12, orí Bánjọ nìkan ló rí!

Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá yín sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé òun ò ní ṣí fìlà níwájú bàbá ẹnikẹ́ni tọrọ ìyàwó fún ọmọ tí kò tíì rí ilé-ìwé gíga wọ̀. Ilé-ìwé gíga náà ò sì gbà á láìsí ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ GCE yẹn. Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù á yege, ìṣirò á ṣubú. Bó bá sì ti ṣubú, èmi náà ń ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, torí ọdún kan ló ń gorí ọjọ́ orí mi. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn tí a jọ ń lúwẹ̀ẹ́ létí omi ti ń pọn ọmọ kejì wọ ọkọ̀ mi, wọ́n á máa bi mí pé, "Rùká, ìgbà wo ni tiwa?" Ẹ wò ó, ìdánwò yẹn kì í ṣe ti Bánjọ nìkan. Èmi náà ń kọ ọ́. Wọn ò kàn fún mi ní bírò ni.

Ìbéèrè wo ló wá ń dà á lórí rú? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi: ìbéèrè ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ kan bá omi lọ, ó lo wákàtí báyìí, ó padà lòdì sí omi, ó lo wákàtí báyìí, eré ọkọ̀ jẹ́ mélòó, eré omi jẹ́ mélòó. Ó ní bó bá ti rí i lórí pépà, á jókòó tì í, á máa kọ, á máa pa á rẹ́, títí àkókò á fi tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè ọkọ̀, Aunty Martha! Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba iwájú mi kọjá lọ bá ọmọ tí kò ti ẹsẹ̀ bọ odò rí, pé kó wá ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe ń rìn fún òun! Bó bá jẹ́ ìbéèrè mọ́tò ni, n bá dákẹ́. Bó bá jẹ́ ti ọkọ̀ òfuurufú, kí ló kàn mí? Ọkọ̀ ojú omi! Ṣé ẹ wá rí ibi tó ti dùn mí?

Owú ni? Bẹ́ẹ̀ ni, owú ni. Mi ò sọ pé kì í ṣe owú. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ẹ wo àyà mi, ṣé ẹran wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n jowú mi tán ná, kí ẹ tó máa wàásù.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé ló ní bí ìbéèrè náà ò bá yé Bánjọ nínú ìwé, kó lọ wo odò gan-an, kó wọn ọ̀nà, kó ka àkókò. Ìmọ̀ràn dáadáa. Mo gbọ́, inú mi dùn, mo ní ẹ̀hẹ̀n, ó tó àkókò wàyí, èmi àti òun ló máa lọ. Mo fọ ọkọ̀. Mo gbọ́n omi inú rẹ̀ títí tó fi gbẹ. Mo tẹ́ ìrọ̀rí kékeré kan sórí pákó ẹ̀yìn nítòsí mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí àbúrò yín tó ń bọ̀, pẹ̀lú sòkòtò jíìnsì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ náà rí bàbá mi níbi tó jókòó sí lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kó lè wa ọkọ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún méjèèjì! Nínú ẹrẹ̀! Pẹ̀lú sòkòtò funfun! Bàbá mi tí kì í rẹ́rìn-ín fún kọmíṣọ́nà, Àtàndá ọmọ Ìsẹ́yìn, ó la ẹnu, gbogbo eyín hàn, ó ní, "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí." Bàbá tèmi o! Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Rùká, rọra wà wọ́n o." Ó kù díẹ̀ kí n ju àjẹ̀ ọwọ́ mi sínú omi.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Pákó iwájú ni wọ́n jókòó sí, èjìká kan èjìká. Bánjọ tó ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé òòyì ń kọ́ òun bí òun bá jókòó níwájú, pé ẹ̀yìn lọ́dọ̀ mi ló tẹ́ òun lọ́rùn! Òòyì rẹ̀ dà? Ìrọ̀rí mi wà lẹ́yìn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ọmọ náà wá bọ́ aago ọwọ́ ara rẹ̀, ó dè é mọ́ ọwọ́ Bánjọ, ó rọra dè é, ó wò ó bóyá ó há jù. Èmi ń wò. Mo fa okùn ẹnjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó dún. Kì í dún lẹ́ẹ̀kan rí, Aunty Martha. Ìbínú ló tan ẹnjìnnì yẹn.

Mo ṣe nǹkan kan, kí n má purọ́. Bí a ṣe kúrò létí, mo ṣẹ́ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kó mì, kí ẹ̀rù ba sòkòtò funfun. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Ó ké, ó sì di apá Bánjọ mú. Bánjọ ní, "Má bẹ̀rù, mo wà níbí." Mo tún ọkọ̀ ṣe, mo dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò kúrò lápá rẹ̀ mọ́ títí tí a fi dé Mile 12. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so wọ́n pọ̀! Ẹ ò rí ayé mi?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ jọ̀ọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, mo ní láti sọ nípa omi wa fún yín, torí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè, omi ẹ̀rọ àti omi kànga lẹ mọ̀. Odò inú ìwé, ibì kan ló ti ń wá, ibì kan ló ń lọ, kì í yí ọkàn padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Odò tiwa, ọ̀sà ló lọ bá, ọ̀sà sì wọnú òkun. Lóṣù Kẹsàn-án, lóṣù Kẹwàá, tí omi òkè bá ń ya bọ̀ láti ọ̀nà Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣàn lọ, a máa gbé igi, a máa wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ ń bọ̀ bí ìsinsìnyí, òkun á máa tì í padà. Fún wákàtí bíi mélòó kan, omi á máa gòkè. Á dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni ń ronú. Lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀. Lọ́la, àkókò rẹ̀ á tún sún síwájú díẹ̀. Bàbá mi ò ní ìwé tó fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú oró tó léfòó lójú omi ló ń wò: ibi tí ojú oró bá kọjú sí ni omi ń lọ.

Ó dáa. Aago mẹ́jọ kọjá tí a gbéra lánàá, omi ń gòkè. Mo rí i. Ojú oró ń bá wa lọ sí ọ̀nà Mile 12 bí àwọn ọmọ tó ń sin ìyàwó. Iṣẹ́jú márùndínlógójì la fi débẹ̀. Bánjọ wo aago, Débọ́lá kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà, wọ́n lọ ra bọ̀lì. Wọ́n ra tèmi náà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ta ló jẹ ẹ́? Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mò ń wo Bánjọ tó ń bó ẹ̀pà, tó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, tó ń dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀pà tí Bánjọ bó fún mi rí, ẹ kà á fún mi! Kò sí!

Bọ̀lì yẹn pẹ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí wọ́n fi padà wọ ọkọ̀, omi ti yí, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú oró tún ń bá wa bọ̀ wálé. Iṣẹ́jú mélòó la fi dé Agbóyì? Iṣẹ́jú márùndínlógójì!

Ẹ wá wo ayọ̀ lójú àbúrò yín. Ó fò sókè nínú ọkọ̀, ó ní, "Mo ti ń sọ ọ́! Lílọ àti bíbọ̀, ọgbọọgba ni! Omi yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ọkọ̀!" Débọ́lá wo ìwé, ó wo aago, ó wo ìwé, orí rẹ̀ náà rú, ó ní bóyá omi ibí yìí ò lágbára. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, pẹ́ẹ̀! Bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ. Bánjọ ò wẹ̀yìn. Ó kàn ní, "Rùká, o ṣé o." O ṣé o!

Kí ló burú níbẹ̀, ẹ ń bi mí? Ohun tó burú ni pé gbogbo ìṣubú Bánjọ láti ọjọ́ yìí, ibi kan náà ló ti ń wá, mo sì ti rí i báyìí. Mo ti rí i, torí Débọ́lá gbàgbé ìwé rẹ̀ sábẹ́ pákó iwájú. Òun rèé nínú àpò mi. Ẹ gbà á, ẹ ṣí i. Lẹ́yìn tí mo gbé èrò ọ̀sán tán, mo po gàrí, mo gbé ìwé yẹn lé orí ìdérí ẹnjìnnì, mo ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, torí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìbéèrè nìyẹn níbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ kan bá omi lọ, kìlómítà mẹ́rìnlélógún, wákàtí méjì. Ó padà lòdì sí omi, ọ̀nà kan náà, wákàtí mẹ́ta.

Mo ní ó dáa. Nílílọ, nínú wákàtí kan, méjìlá ló ń rìn. Nígbà tó ń bọ̀, nínú wákàtí kan, mẹ́jọ. Ẹnjìnnì ò yí padà, ẹni tó ń wà á ò yí padà. Kí ló wá jẹ mẹ́rin tó wà láàárín méjìlá àti mẹ́jọ? Omi ni! Bó ti ń lọ, omi ń tì í lẹ́yìn. Bó ti ń bọ̀, omi ń tì í láyà. Bó ṣe fún un tó náà ló ṣe gbà á padà tó. Èyí tó tì í lẹ́yìn jẹ́ méjì, èyí tó tì í láyà jẹ́ méjì, mẹ́rin pé. Omi, méjì. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, mẹ́wàá. Ó tán! Gàrí tí mo pò ò tíì wú!

Mo wá wo ohun tí Bánjọ kọ. Bánjọ fi kìlómítà lílọ kún ti bíbọ̀, méjìdínláàádọ́ta, ó fi wákàtí márààrún pín in, ó gba mẹ́sàn-án póìntì mẹ́fà, ó ní eré ọkọ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Lójú tirẹ̀, omi á fún ọ nílílọ, á gbà á padà ní bíbọ̀, wọ́n ti pa ara wọn rẹ́, kó má wulẹ̀ ka omi sí mọ́. Irọ́ ni! Wákàtí méjì péré ni omi fi ràn án lọ́wọ́, wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi dì í mú. Iṣẹ́jú ìyà pọ̀ ju iṣẹ́jú ìgbádùn lọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dọ́gba? Ẹni tó bá ti tu ọkọ̀ lòdì sí omi pẹ̀lú ikùn òfìfo mọ èyí, kò nílò lẹ́sìn.

Ti Débọ́lá ńkọ́? Ẹ ṣí ojú ewé kejì. Ẹ wo lẹ́tà! Ẹ́kìsì níbí, wáì lọ́hùn-ún, ẹ́kìsì gun wáì, wáì gun ẹ́kìsì, ojú ewé méjì gbáko, ó wá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ló rí? Mẹ́wàá, méjì. Adìẹ ò léyín, ó ń gbé òkúta mì. Èmi tí n kò ní ẹ́kìsì, tí n kò ní wáì, ibẹ̀ náà ni mo dé, mo sì ti ń gbé èrò padà.

Ibi tó pa mí gan-an nìyí, ẹ wò ó, níbi tí Bánjọ ti da èyí tó dáa kọ. Ẹ wo ohun tí Débọ́lá kọ sí i ní bírò pupa. Ẹ kà á sókè. "Good boy!" Ó wá ya ojú kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Good boy! Ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Tó nírùngbọ̀n! Mi ò pe Bánjọ ní ọmọ dáadáa rí, Aunty Martha, mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀, bí mo bá mọ̀, n bá ti ya ojú ẹ̀rín sí gbogbo ara ọkọ̀!

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò sọ fún wọn pé omi ti yí? Ta ló bi mí? Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni mí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í ṣírò. Kí wọ́n bi Magodo.

Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ fún?

Aunty, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ó dáa. Ó dáa! Ó bi mí. Kì í ṣe Bánjọ, ọmọ yẹn ni. Nígbà tí a ń bọ̀, ó yíjú padà láti iwájú, ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà kan náà ni omi yìí máa ń ṣàn?" Ohùn jẹ́jẹ́. Aunty ló pè mí, bí ẹni pé mo ti tó ìyá rẹ̀, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Mo wo ojú oró tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lápá Bánjọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣàn." Ó ní ẹ ṣeun, ma. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó níbẹ̀, lábẹ́ iṣẹ́jú márùndínlógójì, ohun tí mo sọ ló kọ yẹn.

Mo mọ̀. Ẹ má pariwo lé mi lórí, mo mọ̀. Mi ò sùn dáadáa. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìṣirò yẹn. Bánjọ ti gbà báyìí pé òun fojú ara òun rí i lórí omi pé lílọ àti bíbọ̀, ọgba ni. Ìwé kankan ò lè yọ ọ́ lórí rẹ̀ mọ́. Yóò lọ kọ mẹ́sàn-án póìntì mẹ́fà rẹ̀, yóò ṣubú lẹ́ẹ̀kẹrin, Bàbá yín á tún dé fìlà rẹ̀ ṣinṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi náà á wá pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nídìí ẹnjìnnì. Mo gbẹ́ kòtò fún Débọ́lá, inú rẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń ju yẹ̀ẹ̀pẹ̀ síta.

Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí! Wáláhì, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bó bá ní, "Débọ́lá, Rùká nìyí, ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́," kò sí ohun tí n kò ní sọ fún ọmọ yẹn nípa omi. N bá sọ ti ojú oró fún un. N bá jẹ́ kó jókòó lórí ìrọ̀rí mi. N bá jẹ bọ̀lì náà.

Nítorí náà, ohun tí mo wá sọ nìyí, ẹ̀yin lẹ máa bá mi jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ pe Bánjọ lórí fóònù yín, torí bó bá pè mí, mi ò ní gbé e. Ẹ sọ fún un pé lọ́la, aago méjìlá ọ̀sán, mo ti bi bàbá mi, omi máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa tó ìrọ̀lẹ́ kó tó yí. A ò ní tan ẹnjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ ni màá gbé àjẹ̀ lé. Yóò bá omi lọ títí dé ibi tí ọ̀sà ti là, yóò sì tù ú lòdì sí omi padà wálé, kí odò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ níṣirò. Bí èjìká rẹ̀ bá ti ń ta á, yóò mọ̀ pé lílọ kì í ṣe bíbọ̀. Kò ní gbàgbé é ní Ọjọ́bọ̀, kò ní gbàgbé é títí ayé.

Kó sì mú Débọ́lá wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní kó mú un wá. Màá fún un ní ìwé rẹ̀, màá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa lánàá nípa omi, màá sì sọ ìdí tí mo fi pa á. Kó mú ẹ́kìsì rẹ̀ yẹn dání pẹ̀lú, èmi náà fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó fi ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n kí a tó tú okùn ọkọ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, Bánjọ máa dúró lórí jẹ́tì, lójú bàbá mi, lójú ọmọ yẹn, lójú gbogbo èrò tó gbọ́ ti àná, ó máa sọ ẹni tí mo jẹ́ sí i. Kó sọ ọ́ sókè. Bó bá sọ ọ́, inú ọkọ̀ ni gbogbo wa wà.

Bó bá tún nawọ́ sí mi, tó ní òun ló máa wa ọkọ̀? Màá wà á! Màá wà á dé àárín odò, ibi tó jìn jù lọ, màá ní, ọ̀gá èrò, ibi tí ẹ ń lọ la dé yìí, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ lẹ ní Pétérù rìn lórí omi, àbí ẹ̀yin kọ́? Kí Bánjọ náà máa rìn ín lọ. Débọ́lá ló ni aago, màá sì ti dá ìwé rẹ̀ padà. Kó bá a ka iṣẹ́jú tó fi máa rì, kó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́kìsì, bó bá sì parí, kó kọ "Good boy" sí i!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, Aunty Martha? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ ṣáà gbé fóònù ná.